Láti Kubwa dé Yankari, gba ti Jos: ṣé kí a fi ọjọ́ kan rìn ín, àbí kí a sùn lọ́nà?

Akin_Kubwa · ọjọ́ Ajé, 7:40 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ó ti tó ọdún 9 tí mo ti ń gbé Abuja, ọ̀nà Lọ́kọ́ja nìkan sì ni mo mọ̀. Kérésì dé, a gbéra ó di ilé. Àjíǹde dé, a gbéra ó di ilé. Òkè Ọya tí mo ń gbé inú rẹ̀ yìí, n kò mọ ibì kankan níbẹ̀ kọjá Kaduna. Ní báyìí màmá mi ti wá sọ́dọ̀ wa láti Ìwó, ìsinmi àwọn ọmọ kò sì tíì parí, mo wá pinnu pé a ó lọ wo erin ní Yankari, ọgbà ẹranko tó wà ní ìpínlẹ̀ Bauchi, láàárín oṣù kìíní.

Àwa márùn-ún la ó wà nínú ọkọ̀: èmi, ìyàwó mi, ọmọ ọdún 10, ọmọ ọdún 6, àti màmá tí wọ́n ti lé díẹ̀ ní 70. Corolla ni ọkọ̀ náà, ara rẹ̀ le. Ohun tí mo rò ni pé kí a jáde ní aago mẹ́rin ìdájí, kí a gba Keffi, Akwanga, Jos, Bauchi, kí a sì wọ Yankari kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n má baà san owó òtẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ṣé ọkọ̀ kékeré á gùn ún? Ẹ̀rù ibi gíga sì máa ń ba màmá mi. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé orí òkè ni ọ̀nà Jos ń gbà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí pé ṣé irin wà létí ọ̀nà náà tó lè gba ọkọ̀ dúró.

AwakoAgba · ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́

Akin, ọmọ mi, o kú ètò. Ọdún 18 ni mo fi wa ọkọ̀ èrò lọ sí Jos àti Bauchi kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Má fi ọjọ́ kan rìn ín.

Aago mẹ́rin tí o dá yẹn, yẹ̀ ẹ́. Òkùnkùn ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà náà, o sì kó ọmọ àti àgbàlagbà dání. Jáde ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Àwọn tó ń ti Mararaba àti Nyanya wọ ìlú wá síbi iṣẹ́ ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń mú láàárọ̀. Ìwọ ń jáde ni, ẹ ó kàn máa wò wọ́n lódìkejì. Láti Keffi dé Akwanga, ọ̀nà méjì ni, lílọ lọ́tọ̀, bíbọ̀ lọ́tọ̀, ó sì tẹ́jú. Akwanga ni ọ̀nà ti pínyà: ọ̀kan ń lọ sí Lafia àti Makurdi, ìwọ gba ti Jos. Láti ibẹ̀ lọ, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni lílọ àti bíbọ̀ jọ ń lò, tírélà sì kún un. Ẹni tó bá ti ń kánjú àtidé Yankari lọ́jọ́ náà ló máa ń fẹ́ yọ sílẹ̀ ya tírélà níbi tí kò ti rí iwájú.

Òkè tí wọ́n ń sọ fún màmá yín ni Hawan Kibo. Ibẹ̀ ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti parí tí ilẹ̀ Jos bẹ̀rẹ̀. Corolla á gùn ún, ọkọ̀ tó kéré jù ú lọ ń gùn ún lójoojúmọ́. Àmọ́ má rọ̀ mọ́ ìdí tírélà tó ń gòkè, fi àyè sílẹ̀ dáadáa, nítorí bí ẹrù bá wúwo jù fún un, ó lè fà sẹ́yìn. Máa wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó. Bó bá ti ń gòkè, pa AC, ṣí fèrèsé.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ ni kí o ṣọ́ra jù. Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ní Hawan Kibo tó gbé ẹsẹ̀ lé búrékì láti òkè dé ìsàlẹ̀, búrékì náà á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí rọ́bà tó ń jó, bó bá sì gbóná kọjá ààlà kò ní mú ọkọ̀ mọ́. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ tírélà níbẹ̀ nìyẹn. Jíà kejì ni kí o fi sọ̀ ọ́, kí ẹ́ńjìnì máa di ọkọ̀ mú, kí o kàn máa tẹ búrékì díẹ̀díẹ̀, tẹ̀, sílẹ̀, tẹ̀, sílẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n kọ 2 tàbí L sí, ibẹ̀ ni kí o fà á sí.

Yẹ táyà àpamọ́ wò. Kì í ṣe kí o kàn ṣí búùtù kí o rí i pé ó wà níbẹ̀. Gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, kí ó wọn atẹ́gùn rẹ̀.

Musiliu_Jabi · ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́

Bàbá wa AwakoAgba, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fi ọjọ́ kan dé Bauchi. Àwa méjì la ń gba ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ara wa, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la wọ Bauchi, a sùn síbẹ̀, a wọ Yankari láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ṣeé ṣe, bí ẹni méjì bá wà tó mọ ọkọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé bí ẹ bá bi mí nípa ọ̀nà náà, ìdí tírélà nìkan ni mo rántí. N kò lè sọ ohun kan fún yín nípa Riyom, bẹ́ẹ̀ mo kọjá níbẹ̀.

Tisa_OmoJos · ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́

Musiliu, gbólóhùn tí o fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ nílẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé lálẹ́ yìí.

Jos ni wọ́n bí mi sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ọ̀ffà ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ náà sì gbé wọn la Minna, Kaduna àti Kafanchan kọjá kó tó gòkè dé Jos, wọ́n sì fi aṣọ títà tọ́ àwa ọmọ méje. Gwarinpa ni mo ń gbé báyìí, àmọ́ lọ́dọọdún mo máa ń rin ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Akin, mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣírò owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan, ẹ ṣírò ohun tí àwọn ọmọ yín kò ní rí pẹ̀lú.

Bí ẹ bá kúrò ní Akwanga, ooru ṣì ń mú, igi mángòrò ń kọjá lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó bá ṣe, ẹ ó rí ohun kan níwájú bí ògiri aláwọ̀ eérú tó gba ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run láti ìkángun dé ìkángun. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo rò pé òjò ló ṣú. Ilẹ̀ ni. Etí ilẹ̀ Jos nìyẹn, ibi tó ti já wálẹ̀ lójijì bí iṣu tí a fi ọ̀bẹ gé. Ìlú Jos fúnra rẹ̀ ga tó nǹkan bí mítà 1,200 ju ojú òkun lọ, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára: kí ẹ tó dé Riyom, ẹ ó ti fẹ́ gbé fèrèsé ọkọ̀ sókè fúnra yín.

Ní agbègbè òkè yẹn náà ni Assop wà, níbi tí omi ti ń ya láti orí àpáta sórí àpáta. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn omi náà kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó kí ọmọdé ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ o, kí màmá jókòó sókè. Lẹ́yìn náà ni àpáta Riyom, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gan-an. Ẹ rò ó bí ìkòkò ọjà tí wọ́n tò léra, ìkòkò kọ̀ọ̀kan tó ilé. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má kàn yọ fóònù lójú fèrèsé.

Láti ibẹ̀ wọ Bukuru, ẹ ní kí àwọn ọmọ máa wo ọgbà tí àwọn Berom ṣe yí oko àti ilé wọn ká. Orọ́ ni, ewéko ẹlẹ́gùn-ún tó ní omi funfun nínú. Ewúrẹ́ kò lè jẹ ẹ́, màlúù kò lè gbà á kọjá, kò sì náni ní nǹkan kan. Ẹ ó tún rí àwọn adágún omi tó tutù mini, aláwọ̀ búlúù. Èèyàn ló gbẹ́ wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn òyìnbó ti ń wa tin níbẹ̀, irin tí a fi ń bo agolo. Nígbà tí wọ́n kó o tán, ihò kù, òjò kún un. Etí wọn jìn lójijì, ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn.

Níbi tí wọ́n ti ń wa tin yẹn náà ni wọ́n ti hú àwọn orí amọ̀ Nok jáde, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn tó gbé agbègbè yẹn ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Mùsíọ́mù Jos, tó ti wà láti 1952, ni ẹ ti lè rí irú wọn. Bí ẹ bá sùn ní Jos, ẹ ó ráyè wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá fi ọjọ́ kan rìn ín, ẹ ó fi àmì ojú ọ̀nà nìkan mọ̀ pé ẹ ti gba Jos kọjá.

IyaIbeji_Lugbe · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo fọwọ́ sí ohun tí Tisa sọ. Bọ̀dá Akin, àwa náà kó àwọn ìbejì wa lọ lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọdún 8 ni wọ́n. A sùn ní Jos lálọ àti lábọ̀. Ẹ gbé kóòtù dání o! Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọyẹ́ Abuja nìkan, ti Jos yàtọ̀. Kẹ́híndé sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín ni ti àwọn ọ̀bọ Wikki. Wikki ni ibi tí ilé ìbùwọ̀ wà nínú ọgbà ẹranko náà. Àwọn ọ̀bọ ńlá ni, ojú wọn gùn bí ti ajá, wọn kò sì bẹ̀rù èèyàn rárá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ni. Táíwò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Ọ̀kan kàn rìn wá láti ẹ̀yìn ọkọ̀, kò sáré, ó na ọwọ́, ó gba búrẹ́dì náà bí ìgbà tí tíṣà bá gba ìwé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó wá jókòó síwájú wa, ó já ọ̀rá rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Táíwò kò ké, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síwájú bí ẹni tó di nǹkan mú.

Nítorí náà: oúnjẹ kì í jáde láti inú ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó wà nínú àpò tí a ti pa dé. Fèrèsé yàrá gbọ́dọ̀ wà ní títì. Ẹ má fún wọn ní nǹkan jẹ, bó ti wù kí wọ́n wo yín tó, torí ẹni tó bá fún wọn ni wọ́n máa padà wá bá, wọn á sì wá bá ẹni tó bá gba yàrá náà lẹ́yìn yín.

Noosi_Karu · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú owúrọ̀. Ọ̀rọ̀ màmá ló kàn mí. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kó èyí tó máa tó wọn lò kọjá ọjọ́ tí ẹ ó lò, kí ó wà nínú àpò ọwọ́ wọn, kì í ṣe nínú búùtù. Kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì, nítorí ẹsẹ̀ àgbà máa ń wú bó bá rọ̀ sílẹ̀ pẹ́. Bí ẹ bá ń gun òkè yẹn, etí lè dí wọn tàbí kí ó dún pọ́ọ́. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú kí wọ́n má baà rò pé àìsàn ni. Kí gbogbo yín máa gbé itọ́ mì, tàbí kí ẹ fún àwọn ọmọ ní súwíìtì lá.

Ní Yankari, eṣinṣin tsetse wà. Ó máa ń ta èèyàn gba orí aṣọ, aṣọ búlúù àti aṣọ dúdú ló sì ń fà á jù. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ iyanrìn, ọlọ́wọ́ gígùn. Ẹ má gbàgbé àwọ̀n ẹ̀fọn.

Bola_Bauchi · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 ọ̀sán

Mo ń gbé Bauchi, ẹ jẹ́ kí n bá yín parí ọ̀nà náà.

Láti Jos sí Bauchi, ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí ilẹ̀ gíga, ẹ ó gba Toro. Àwọn àpáta ibẹ̀ dá wà nínú oko bí erin tó sùn. Nínú ìlú Bauchi ni ibojì Sir Abubakar Tafawa Balewa wà, olórí ìjọba àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní, tí wọ́n pa ní 1966. Ọmọ ọdún 10 ti tó láti wọ ibẹ̀. Ẹ bu epo kún táǹkì ní Bauchi, ẹ má ṣe rò pé ẹ ó rà á níwájú.

Láti Bauchi, ọ̀nà Gombe ni kí ẹ gbà. Ní Dindima, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ó dé ẹnu ọ̀nà ọgbà náà ní Maina Maji, ẹ ó san owó ìwọlé níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kọ́ ni Wikki o. Ìrìn tó lé ní kìlómítà 40 ṣì wà láàárín igbó kí ẹ tó kan ilé ìbùwọ̀. Nínú igbó yìí, ẹ rọra. Ẹranko lè sọdá nígbàkigbà, ẹ má sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ọgbà náà fẹ̀ tó kìlómítà 2,244 níbùú lóròó. 1956 ni ìjọba Àríwá fọwọ́ sí i, 1962 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé. Inú rẹ̀ ni agbo erin tó pọ̀ jù lọ tó ṣẹ́ kù ní Nàìjíríà wà. Oṣù kìíní tí ẹ mú dára. Láti ìgbà tí òjò bá ti lọ títí di oṣù kẹrin, omi inú igbó ti gbẹ, odò Gaji ni àwọn ẹranko ń wá mu, koríko náà sì ti gbẹ tí ẹ fi lè rí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá lọ lásìkò òjò, koríko ló máa wò. Ẹ̀ṣọ́ igbó ló ń fi ọkọ̀ ńlá tó ṣí sílẹ̀ gbé èèyàn lọ wo ẹranko láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ gba ti méjèèjì, torí erin kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn.

Omi gbígbóná Wikki ńkọ́? Abẹ́ àpáta ló ti ń tú jáde, ó mọ́ gaara, iyanrìn funfun ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n 31 ló máa ń wà lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀sán àti òru, ọyẹ́ àti òjò. Omi tó ń tú jáde lójúmọ́ tó lítà mílíọ̀nù 21. Àwọn Duguri tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ ló ni orúkọ náà: ó túmọ̀ sí "níbo lo wà?"

Mo fi èyí tó ṣe pàtàkì jù sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ààbò. Ìgbà kan wà tí wàhálà máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní apá Riyom, ìgbà kan wà tó máa ń jẹ́ inú igbó Alkaleri níbí. Ìmọ̀ràn tí a kọ síbí lónìí lè má wúlò lọ́sẹ̀ méjì sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó lọ, ẹ pe Wikki, ẹ pe ẹni tí ẹ mọ̀ ní Jos, ẹ pe ẹni tí ẹ mọ̀ ní Bauchi. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá ní ẹ dúró, ẹ dúró. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá sì bá yín ní Bauchi, ẹ sùn síbẹ̀.

Kike_Wuse · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:10 ọ̀sán

Ẹ má bínú o, ṣé kò ní dára kí wọ́n kúkú lọ sí Mambilla àti Gashaka-Gumti ní Taraba? Àwọn òkè ibẹ̀ ju ti Jos lọ, Chappal Waddi tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà wà níbẹ̀, mítà 2,419.

Tisa_OmoJos · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:34 ọ̀sán

Kike, òótọ́ ni, ibẹ̀ lẹ́wà kọjá sísọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn jù fún màmá àti ọmọ ọdún 6, ọkọ̀ gíga tó lágbára ló sì yẹ ẹni tó ń wọ inú Gashaka. Kí wọ́n fi Yankari bẹ̀rẹ̀.

Akin_Kubwa · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi, ó sì ní kí n má dá owó òtẹ́ẹ̀lì náà sọ mọ́. A ó sùn ní Jos lálọ àti lábọ̀, a ó sùn ní Wikki lálẹ́ méjì. Bàbá AwakoAgba, mo gbé táyà àpamọ́ lọ wọ̀n lónìí. Kò sí atẹ́gùn kankan nínú rẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbé e kiri bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìwó!

Akin_Kubwa · ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àìkú, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. A ti lọ, a ti bọ̀, àlàáfíà ni. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 20 la jáde. Gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí, àwọn tó ń wọ ìlú ló há. Ògiri tí Tisa sọ yẹn, ọmọ mi kékeré ló kọ́kọ́ rí i, ó ní "Dádì, òjò ń bọ̀." Mo kàn ń rẹ́rìn-ín, mi ò sọ fún un. Nígbà tó yá tí òjò náà kò rọ̀, tó kàn ń ga sí i, òun fúnra rẹ̀ ló dákẹ́.

Ní Hawan Kibo, màmá di ojú. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n jókòó sí. Ọwọ́ wọn wà léjìká mi láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n ń ka Sáàmù, mo sì ń wo abẹ́rẹ́. Mo pa AC níbi kan. Nígbà tí a gòkè tán, mo ní "Màámi, a ti dé òkè." Wọ́n la ojú, wọ́n ní "Èwo wá ni òkè nínú èyí tó tẹ́jú yìí?" Ó yà wọ́n lẹ́nu pé oko àti ilé wà lórí òkè, pé òkè náà kò ní ṣóńṣó. Ní Riyom, àwọn gan-an ló ní ká dúró. A lo ohun tó lé ní wákàtí kan níbẹ̀.

Jos tutù. Mo ti rò pé IyaIbeji ń fi kún un ni. Láàárọ̀, èéfín ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ, wọ́n ń fi ṣeré. A wọ mùsíọ́mù, a ra kárọ́ọ̀tì àti pòtétò lójú ọ̀nà, màmá ní a ó kó o dé Ìwó.

Nígbà tí a kọjá Toro, táyà ẹ̀yìn kan jò. Èyí tí mo wọn atẹ́gùn sí ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ti kúrò níbẹ̀. Bàbá AwakoAgba, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Yankari, a kò rí erin. Àgbọ̀nrín la rí, ìmàdò, àti ẹyẹ tí n kò mọ orúkọ wọn. Àwọn ọmọ fajúro. Nírọ̀lẹ́ a wọ inú omi Wikki, màmá jókòó létí rẹ̀, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n kọ̀ wọn kò jáde mọ́. Wọ́n ní ẹnì kan ń se omi yìí lábẹ́ ilẹ̀.

Ọjọ́ kejì, a bá ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ jáde láàárọ̀. Nígbà tí a súnmọ́ odò Gaji, ẹ̀ṣọ́ náà na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà, lẹ́yìn náà a gbọ́ ẹ̀ka igi tó ṣẹ́. Wọ́n jáde láti inú igbó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ, ọmọ kan wà láàárín wọn tó ń rìn lábẹ́ ikùn ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kì í dún. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn: ẹranko tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò dún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa màmá mi. Ọdẹ ni bàbá wọn. Wọ́n mọ ìjálá erin láti kékeré, wọ́n lè kì í fún yín láti àárọ̀ dọ̀sán. Wọn kò rí erin rí. Bàbá wọn náà kò rí i rí, lọ́dọ̀ bàbá tirẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di òwúrọ̀ yẹn. Mo rò pé wọ́n á kì í. Wọn kò kì í. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi í lé ẹsẹ̀, wọ́n ní "Àjànàkú," lẹ́ẹ̀kan péré, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí àgbà lójú ọ̀nà. Títí tí àwọn erin náà fi mu omi tán tí wọ́n sì lọ, wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́.

IyaIbeji_Lugbe · ọjọ́ Àìkú, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Bọ̀dá Akin, omi ti bọ́ lójú mi. Ẹ bá mi kí màmá. Àwọn ọ̀bọ ńkọ́?

Akin_Kubwa · ọjọ́ Àìkú, 6:20 ìrọ̀lẹ́

A ti gbọ́ ìkìlọ̀ yín, wọn kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan kàn jókòó sórí ọkọ̀ wa láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi mú.

AwakoAgba · ọjọ́ Àìkú, 7:03 alẹ́

Akin, o ṣe é re. Inú mi dùn gidigidi. O kò sọ ti ìsọ̀kalẹ̀. Báwo ni Hawan Kibo lábọ̀? Búrékì ńkọ́?

Akin_Kubwa · ọjọ́ Àìkú, 7:18 alẹ́

Jíà kejì ni mo fi sọ̀ ọ́, Bàbá, tẹ̀, sílẹ̀, tẹ̀, sílẹ̀. Búrékì kò rùn. Màmá ló jókòó síwájú lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó mi lọ sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n rọra ṣe, àwọn kò tíì rí ibi tí ilẹ̀ ti já dáadáa.